Òwìwí Ẹ̀yìn Ilé Wa

Àbúrò mi ọkùnrin lọ kàwé nípa eku. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, àwọn èèyàn máa ń rò pé mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìjọba fún un ní sìkọ́láṣíìpù, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó lọ sí ìpẹ̀kun àríwá orílẹ̀-èdè Nọ́wè, níbi tí igi kankan kì í hù, tí abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ń dì gbagidi láti ọdún dé ọdún. Ọdún mẹ́fà ló lò níbẹ̀ tó ń ka eku. Nígbà tí ọmọ àwọn ẹlòmíràn ń ti òkè òkun bọ̀ gẹ́gẹ́ bí lọ́yà àti ẹnjiníà, Olútìmẹ́hìn tiwa dé sí Odòde, ìlú wa, pẹ̀lú àpótí tó kún fún àwòrán òwìwí funfun. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo àdúgbò fi sọ ọ́ ní Dókítà Ẹyẹ.

Èmi ni Olúrónkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà lójú ọ̀nà tó lọ sí ọjà. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Ó mú lóòótọ́, ohun tí ojú mi ti rí ló pọ́n ọn.

Ìparí ọdún 1977 ló dé. Ó ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ní Àkúrẹ́, ó ń gun alùpùpù lọ, ó ń gùn ún bọ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ló sì máa ń kọ́kọ́ yà sí ní ìrọ̀lẹ́ kó tó wọlé. Lọ́jọ́ kan mo bi í léèrè pé kí ló wà lára eku tí òyìnbó fi ń náwó lé e lórí.

"Sìstá, oúnjẹ kò pọ̀ ní ilẹ̀ yẹn," ó ní. "Koríko díẹ̀ ló wà, àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara àpáta, irú èyí tó wà lára òkè wa yìí. Eku ló ń jẹ koríko. Òwìwí àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ń jẹ eku. Ẹran kan bí àgbọ̀nrín ń jẹ àwọn tara àpáta, ìkookò ń jẹ ẹ́. Ó tán. Níhìn-ín, bí ẹnì kan bá kúrò lórí ìlà, ẹlòmíràn lè bọ́ sí ipò rẹ̀. Lọ́hùn-ún, bí ẹ bá yọ ẹyọ kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ló máa dàrú."

"Ìwọ wá ń ka eku."

"Mò ń ka eku kí n lè mọ iye ẹyin tí òwìwí máa yé. Ọdún tí eku bá pọ̀, òwìwí á yé méje, á yé mẹ́jọ. Ọdún tí eku bá wọ́n, ó lè má yé rárá. Ẹyẹ yẹn mọ iye eku tó wà nílẹ̀ jù mí lọ."

Mo ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó máa ń rẹ́rìn-ín dáadáa nígbà yẹn, gbogbo eyín rẹ̀ ló máa ń yọ.

Ẹsẹ̀ òkè ni ilé bàbá wa wà, a jọ ń gbé ibẹ̀ ni, èmi, Màmá, Tìmẹ́hìn àti ìyàwó rẹ̀. Àpáta ló ṣe ògiri ẹ̀yìnkùlé wa. Lórí apá tó tẹ́jú nínú rẹ̀ la ti ń sá kòkó àti láfún láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Lókè ibi tí a ń sá nǹkan sí yìí ni ihò kan wà, òwìwí méjì ló ń gbé inú rẹ̀. Àwọn olójú funfun ni, tí ojú wọn rí pẹrẹsẹ bí àwo. Ọjọ́ tí Tìmẹ́hìn kọ́kọ́ rí wọn, ó pariwo bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀ ní ìlú òkèèrè. Ó máa ń lọ ṣa ohun tí wọ́n bá bì sílẹ̀, irun àti egungun tó ká jọ bí òwú tí mo bá ti lò tán, á kó o wá sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, á sì tú u palẹ̀.

"Ẹ wò ó, Sìstá. Orí eku mẹ́rin nínú ẹyọ kan. Alẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Ṣé ẹ mọ iye àgbàdo tí ẹyẹ yìí ń gbà lọ́wọ́ eku fún Màmá?"

"Kó ẹ̀gbin rẹ kúrò lórí aṣọ oníbàárà mi."

Hannah ìyàwó rẹ̀ ni kò fẹ́ràn àwọn ẹyẹ náà. Ọmọ Àtòsin ni, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdílé Aládùúrà ló ti wá. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún mi débi pé ó máa ń sú mi nígbà mìíràn, mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì sọ ọ́ fún un tó. Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ké nígbà tó jáde. Ìkejì ké, ó mu ọmú, a sọ ọ́ lórúkọ, ó sì kú kí eyín rẹ̀ tó yọ. Òwìwí ké lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó kú. Òwìwí a máa ké lálaalẹ́ nílé wa, ṣùgbọ́n alẹ́ yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni rántí.

Màmá wa ti fi ṣọ́ọ̀ṣì wa sílẹ̀ nígbà náà, ó ti tẹ̀ lé Hannah lọ sí ìjọ Aládùúrà tó wà lọ́nà Aládé. N kò bá a jà. Àwọn ni wọ́n jókòó tì wá nígbà tí ọmọ kejì kú. Àwọn tiwa kàn wá gbàdúrà kan, wọ́n mu omi, wọ́n lọ. Olórí ìjọ náà ni Wòlíì Akínlẹ́yẹ. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú tó bí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í gbowó. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ aláìsàn nínú oko. Ṣùgbọ́n òun ló rí ìran pé ẹni méjì tí ojú wọn funfun jókòó sórí àpáta, wọ́n ń ka ọmọ inú ilé.

Ta ló kù tí kò mọ ẹni tí ìran náà ń bá wí? Àjẹ́ ni òwìwí, ohun tí wọ́n sọ fún wa láti kékeré nìyẹn, èmi náà máa ń kọjá lábẹ́ ihò yẹn pẹ̀lú Orin Dáfídì lẹ́nu.

Nígbà tí Hannah lóyún ẹ̀ẹ̀kẹta, lọ́dún 1981, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ ń gbé ní ilé tí ìjọ kọ́ fún àwọn aboyún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní títí ẹyẹ náà á fi kúrò, òun kò padà sílé. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Tìmẹ́hìn tìbínú-tìbínú.

"Ọma mi, ẹyẹ lo fẹ́ ni àbí ọmọ?" ó ní. "Bí o bá fẹ́ ẹyẹ, wí, kí n mọ̀."

Tìmẹ́hìn ní kí n bá òun lọ rí Wòlíì. A bá a lábẹ́ igi ọsàn, ó ń bó àgbàdo. Ó fún wa ní àga, òun jókòó sórí àpótí. Tìmẹ́hìn ṣàlàyé fún un bó ṣe ń ṣàlàyé fún mi: pé eku ń jẹ oko wa, ẹyẹ ń jẹ eku, pé bí a bá pa ẹyẹ, àwọn eku tó yẹ kó jẹ á wá jókòó tì wá nínú ilé. Ó sọ ti ilẹ̀ yìnyín, ó sọ ọ́ dáadáa, kò gbéra ga sí bàbá náà rárá. Wòlíì gbọ́ ọ dé òpin.

"Mo gbà pé ó ń jẹ eku, ọmọ mi," ó ní. "N kò bá ọ jiyàn. Ọdún tí ọmọ rẹ kú, ṣé ẹyẹ yìí wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Kí ló wá ṣe fún ọ?"

Mo rí i pé gbogbo ìwé tí Tìmẹ́hìn kà kò dé ibi ìbéèrè yẹn.

Nígbà tí a ń lọ, a yà wo Hannah. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ ti gùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀.

"Bọ̀dá, mo mọ̀ pé ẹ mọ nǹkan tí n kò mọ̀. N kò sọ pé irọ́ lẹ̀ ń pa. Ṣùgbọ́n bí mo bá dùbúlẹ̀ nínú ilé yẹn tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀, ọmọ inú mi á dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò ní yí mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ bá mi ṣe é. Bí ọmọ yìí bá tún lọ, tí ẹyẹ náà ṣì wà níbẹ̀, n kò ní lè wo ojú yín mọ́."

Èmi àti Tìmẹ́hìn padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní kó gba yàrá ní Àkúrẹ́, kó kó ìyàwó rẹ̀ lọ, kó fi ẹyẹ sílẹ̀ fún àpáta.

"Mo ti sọ ọ́ fún un, Sìstá. Ó ní ẹyẹ ní ìyẹ́, ibi tí òun bá lọ ló máa bá òun."

"Ó yá, jẹ́ kí wọ́n ní kí ọdẹ yìnbọn lu àwọn ẹyẹ náà."

"Wọn kò ní kú dáadáa. Ọta wẹ́wẹ́ á kàn ṣe wọ́n léṣe ni." Ó mú síṣọ́ọ̀sì mi, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé. "Bó bá jẹ́ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀, èmi ni kí n ṣe é."

Ọjọ́ Sátidé, lọ́sàn-án, nígbà tí òwìwí ń sùn, ó gbé àkàbà ti àpáta, ó gbé àpò lọ́wọ́. Èmi ni mo di àkàbà mú. Mo gbọ́ ìró kan láti inú ihò náà, bí ìgbà tí èèyàn púpọ̀ bá ń fa èémí wọlé láàárín eyín. Tìmẹ́hìn yọjú wò ó, ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ láìmú nǹkan kan dání.

"Ẹyin wọn ti di ọmọ," ó ní. "Méje ni, Sìstá. Nílé wa yìí. Méje."

Mo ní kí ló dé.

"Eku ló pọ̀. Èyí tí mo ń rí nínú èébì wọn kò tó nǹkan kan. Ọdún yìí ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n." Ó jókòó sórí àpáta, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ó pẹ́ kó tó dìde. Mo rò pé ó ti yí ọkàn padà, mo sì ń dúpẹ́ nínú ara mi, ṣùgbọ́n mo tún ń rí ọrùn Hannah, n kò sì mọ èyí tí mo fẹ́. Ó gun àkàbà padà. Ó ní kí n wọlé. N kò wọlé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ wọn lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá, ìyá, àti ọmọ, èyí tó kéré jù kò tíì lajú. Nígbà tó délẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí ìyá wọn ti fi èékánná fà á ya, kò sì jẹ́ kí n fi nǹkan kan sí i.

Ó gbé àpò náà lọ sí ọgbà ìjọ. Wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n sun ún, wọ́n kọrin yí i ká. Wòlíì gbé ọwọ́ lé Tìmẹ́hìn lórí, ó ní ọmọ onígbọràn ni. Gbogbo Odòde gbọ́ ọ kó tó di ìrọ̀lẹ́ pé Dókítà Ẹyẹ ti gbà pé àjẹ́ ni wọ́n. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Hannah padà sílé lọ́jọ́ kejì. Kí n má purọ́, ilé dùn. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń kọrin bó ṣe ń gbálẹ̀. Ó máa ń gbé ọwọ́ mi lé ikùn rẹ̀ kí n lè gbọ́ bí ọmọ ṣe ń tàpá. Mo rán aṣọ ọmọ fún un, mo fi léèsì sí etí rẹ̀, mo sì sọ fún Tìmẹ́hìn pé bóyá ìwé òyìnbó kò ní gbogbo nǹkan nínú. Ó ní bóyá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí òjò dá tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, eku dé. Kì í ṣe pé eku kò sí nílé wa tẹ́lẹ̀, ilé wo ni eku kò sí? Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Wọ́n ń sáré lókè àjà bí ìgbà tí wọ́n da ẹ̀pà sílẹ̀. Wọ́n jẹ àgbàdo tí Màmá so sókè ààrò títí ó fi ku ṣùkù nìkan. Wọ́n gé aṣọ oníbàárà mi. Tìmẹ́hìn de pàkúté, a ń pa wọ́n lójoojúmọ́, wọn kò dín. Ó ra oògùn, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n kú sínú àjà, òórùn lé wa síta. Ó wá gbé ológbò kan bọ̀ láti Àkúrẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Màmá rí i, ó figbe ta.

"O pa ẹyẹ àjẹ́ tán, o wá lọ gbé ẹran àjẹ́ wọ ulé mi?"

Kí Tìmẹ́hìn tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, Màmá ti gbé ológbò náà fún awakọ̀ kan tó ń lọ sí Òfosù. Ojú ti Hannah, ó ń bẹ ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn pé ó lọ.

Láfún tiwa, orí àpáta ló wà, bó ṣe máa ń wà. A máa ń fi í sílẹ̀ mọ́jú lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn nítorí kò sí òjò tó máa pa á. Ilẹ̀ bá mọ́, a ó rí ẹsẹ̀ eku lórí rẹ̀, a ó fẹ́ ẹ, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó sì tún sá a. Ta ló ń da láfún nù nítorí pé eku tẹ̀ ẹ́? Ohun tí oyún ń mú Hannah fẹ́ jẹ sì nìyẹn, láfún gbígbẹ. Bí ó bá ti kọjá lẹ́bàá àpáta, á bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á máa lá a bí ọmọdé tó ń lá ṣúgà. Màmá máa ń fi í rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ náà á funfun. Tìmẹ́hìn bá a wí lẹ́ẹ̀kan, pé kó jẹ́ kí wọ́n ro ó lórí iná kó tó jẹ ẹ́. Ó ní ó ti gbọ́. Ó kàn ń lá a nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò bá sí nílé ni.

Ibà ló fi bẹ̀rẹ̀. A rò pé ibà lásán ni, ta ni ibà kì í mú? Lẹ́yìn náà ọ̀fun rẹ̀ wú, kò lè gbé itọ́ mì, ojú rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní èrìgì rẹ̀. Wọ́n gbé omi àdúrà wá láti ìjọ, Wòlíì sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ó ń gbàwẹ̀. Èmi ni mo lọ dá ọkọ̀ Pìjó dúró, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé ẹni tó bá fẹ́ dí mi lọ́wọ́ kó dúró síwájú mọ́tò.

Ní ọsibítù kan ní Àkúrẹ́, dókítà ọ̀dọ́ kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó pè wá síta. Ó ní ọmọ inú rẹ̀ ti kú. Ó wá béèrè pé ṣé eku pọ̀ nílé wa.

Èmi ni mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n pọ̀. Dókítà náà ní ibà kan wà tó ń gbé inú ìtọ̀ eku, tó ń gba ara oúnjẹ wọlé sára èèyàn, tó máa ń burú jù fún aboyún. Ó ní òun kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, kò sí irinṣẹ́ tí wọ́n lè fi yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Títí dòní ẹnikẹ́ni kò fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n mo rí ojú àbúrò mi nígbà tí dókítà yẹn ń sọ̀rọ̀, òun kò béèrè ẹ̀rí kankan.

Ó wọlé, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, mo dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Hannah kò tíì mọ̀ nípa ọmọ náà, tàbí ó mọ̀ tí kò fẹ́ kí a mọ̀ pé òun mọ̀. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán.

"Bọ̀dá, ẹyẹ yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́, àbí?"

"Kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ ṣé," ó ní. "Ẹ ṣé gan-an ni."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn kó tó kú nìyẹn. A gbé òun àti ọmọ rẹ̀ padà sí Odòde, a sì sin wọ́n pọ̀.

Wọ́n wá bá wa kẹ́dùn. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí, ilé kún, àga kò tó, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé. Wòlíì Akínlẹ́yẹ sunkún ju èmi lọ. Màmá jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Tìmẹ́hìn mú, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé, "A pẹ́ jù ni, ọma mi. A pẹ́ jù ká tó pa wọ́n. Wọ́n ti kà á mọ́ tiwọn." Mo fẹ́ kígbe mọ́ ọn. Mo wo orí rẹ̀ tó ti funfun lórí orúnkún ọmọ rẹ̀, ara mi sì kọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni àgbẹ̀ kan dé láti ọ̀nà Òfosù, tó gbé nǹkan sínú ewé kókò. Ó tú u níwájú Tìmẹ́hìn. Òwìwí ni, òkú rẹ̀. Ó ní àwọn ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, pé àwọn ẹyẹ yìí pa ìyàwó ẹni tó pa tiwọn, inú sì bí àwọn, àwọn ti bá a gbẹ̀san. Lọ́la rẹ̀, àwọn mìíràn tún gbé méjì wá láti Aládé. Ẹni kẹta dé láti inú Odòde níbí. Bí wọ́n ṣe ń gbé ẹmu wá fún àwọn ẹlòmíràn nílé ọ̀fọ̀, òwìwí ni wọ́n ń gbé wá fún àbúrò mi. Gbogbo wọn ló ń sọ pé bí ẹni tó lọ dé ilẹ̀ òyìnbó nítorí ẹyẹ yìí bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á, kí ló kù tí àwọn ń dúró dè? Ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n rí irú rẹ̀.

Ẹni tó dé kẹ́yìn ni Joanna, àbúrò Hannah, tó ti ilé ọkọ wá láti Àtòsin. Wọ́n jọra débi pé mo ní láti wo ibòmíràn. Ó kó tirẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó, ìyá òwìwí kan ni pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní inú òrùlé ilé àwọn ni wọ́n ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rù ń ba òun láti fọwọ́ kàn wọ́n tẹ́lẹ̀.

"Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí ẹ ṣe nítorí ẹ̀gbọ́n mi, ọkàn mi le," ó ní. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ó ti lóyún, kì í ṣe oyún kékeré. "Ọkàn mi balẹ̀ báyìí, Bọ̀dá. Mo ń sùn dáadáa."

Tìmẹ́hìn, tí kò tíì sọ ju ọpẹ́ àti àdúrà lọ láti ọjọ́ ìsìnkú, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó sọ ti eku, ó sọ ti ìtọ̀ wọn lórí oúnjẹ, ó ní kó kó gbogbo ohun tó bá sá sílẹ̀ wọlé kó dé e, kó má fi nǹkan tí kò gba iná kọjá sẹ́nu, kó wá ológbò. Ó ní kì í ṣe ẹyẹ. Ó ní òun ló pa Hannah, ọwọ́ òun yìí ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yára, ó ń wọ inú ara wọn, ọ̀rọ̀ òyìnbó ń bọ́ sí i, ó ń dárúkọ ibi tí Joanna kò gbọ́ rí.

Joanna fi sùúrù gbọ́ ọ títí dé òpin, bí èèyàn ṣe máa ń gbọ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ń dà láàmú. Nígbà tó parí, ó kúnlẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ fún un pẹ̀lú etí ìró rẹ̀.

"Ẹ má dá ara yín lẹ́bi mọ́, Bọ̀dá," ó ní. "Ẹ gbìyànjú. Ẹ kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Èmi kò ní pẹ́ ní tèmi, ọkọ mi àti àwọn ará ilé wa ti ń wá gbogbo èyí tó kù ní Àtòsin."

Tìmẹ́hìn wò mí. Ó dìde, ó sọ fún Joanna pé ó ṣeun, ó sì sìn ín dé ojú títì.